Ọkọ̀ Yín Tí Kì Í Gbọ́ ti Ẹsẹ̀ Mi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú ń bí mi sí,

Mi ò ní kí yín lónìí. Bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ìbínú mi á rọlẹ̀, n óò sì gbàgbé ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bíírò. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn nígbà tí ẹ wà láyé. N óò gbé ọ̀rọ̀ gbígbóná wá bá yín, ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ lọ mu omi, kí n tó mu omi tán, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ẹ ò lè rán mi lọ mu omi lónìí. Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, kí ẹ gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni mo bá wá. Ọkọ̀ funfun yẹn náà ni, èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí adìyẹ sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi ní wíwà rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń bi yín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ dé àmù omi wọn, kí wọ́n yé yọjú sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Inú mi dùn sí yín lọ́jọ́ náà débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi ọkọ̀ kọlu ògiri mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ẹ kú, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó mọ ọkọ̀ wà, ni kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ogún ni. Ogún wo? Wàhálà ni ẹ kó lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wolé-wolé ni yín títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ yín ni láti máa wọ ilé onílé, kí ẹ máa wo inú àmù bóyá kòkòrò wà nínú omi, kí ẹ máa bá ẹni tí kò bo oúnjẹ rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ilé tiwa gan-an lẹ ti ń ṣe é jù. Gbogbo nǹkan lẹ máa ń dé pa. Ẹ dé àmù, ẹ dé garawa, ẹ dé agolo ṣúgà, ẹ tún máa ń fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ gé ìdérí sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì kí òórùn rẹ̀ má baà jáde. Mo ṣì ń rí yín lórí àpótí yẹn lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ẹ ń fi bíléèdì gé rọ́bà róbótó, tí ahọ́n yín yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Bí etí rọ́bà náà kò bá gé geere, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó tún gé òmíràn. Mo fẹ́ràn láti máa wò yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á dà bí ẹni pé mi ò fẹ́ràn yín rí.

Ẹ mọ̀ nípa ojú Ìyá. Kí ẹ tó kú ni dókítà ní ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ fún yín pé omi inú ojú rẹ̀ ló ń ti ojú náà láti inú. Ó ní tí kò bá ń lo oògùn tí wọ́n ń kán sí i, tí kò sì ń wá lóṣooṣù kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò, ojú náà á kú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dùn ún rárá. Nígbà ayé yín, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ. Ẹ kì í gbé ọkọ̀ yín lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ ní àwọn onítírélà kò mọ ọmọ ènìyàn. Láti ilé dé mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí dé ilé ọ̀rẹ́ yín ní Ọwọ́dé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn mọ. Ní gbogbo àárọ̀ lẹ sì máa ń ṣí táǹkì rẹ̀, ẹ ó ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀ láti wo ibi tí epo kù dé. Mò ń rí i, mi ò kà á sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí a sin yín sí ẹ̀yìnkùlé tán, Ìyá wọ tákàbà. Ó jókòó sílé pẹ̀lú aṣọ opó, kò jáde, kò tọ́ tìróò, kò fi nǹkan olóòórùn dídùn para, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọsibítù rẹ̀ pé. Mo lọ bá Àáfà àdúgbò wa, mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní aláìsàn lè jáde lọ gba ìtọ́jú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó lọ há sáàárín àwọn ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní ọkọ̀ bàbá mi wà. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní òun á tẹ̀lé wa, pé opó kì í jáde láìsí ọkùnrin ilé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ra epo kún táǹkì bámúbámú, a sì gbéra.

Ọkọ̀ náà sáré dáadáa títí a fi ń sún mọ́ Odò Ọbà. Mo fẹ́ ya ọkọ̀ kan tó ru iṣu sílẹ̀, mo tẹ tọ́rótù kó lè sáré sí i, ọkọ̀ kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi kan irin ilẹ̀, ẹ́ńjìnì kàn ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí ẹni tí a ń jí tí kò fẹ́ dìde. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fọn hóònù mọ́ wa lórí. Ìyá di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Mo fi ìwọ̀nba agbára tó kù yà sínú koríko, ọkọ̀ sì kú pátápátá. A jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó pẹ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín ní Ọ̀yọ́. Ó ní kabúrétọ̀ ló dọ̀tí. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tẹ tọ́rótù, ẹ́ńjìnì sì bú ramúramù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa gbé e lọ jàre, ara ọkọ̀ yín ti yá." Oṣù tó tẹ̀ lé e, níbi kan náà, ó kọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn ní wáyà tọ́rótù ló fẹ́ já. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù epo, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún bú ramúramù lọ́dọ̀ tiẹ̀ náà. Bàbá, iwájú mẹkáníìkì ni ọkọ̀ yín ti ń ṣe ọmọ dáadáa, ojú títì ló ti ń dójú tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á dáhùn, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tí ọkọ̀ wíwà kò yé. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń gbàgbé ẹsẹ̀ yín sórí búréèkì ṣá, Àǹtí?" Díẹ̀ ló kù kí n fi sípánà rẹ̀ là á lórí.

Bàbá Kékeré ló wá rí ìdí ọ̀rọ̀, tàbí kí n sọ pé ó rí ohun tó ti ń wá tipẹ́. Ó pe ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n di ọkọ̀ yẹn mú. Obìnrin yìí jáde nínú tákàbà, inú ọkọ̀ olóògbé ló tún lọ jókòó sí. Ibì kan náà lọkọ̀ sì máa ń dúró sí. Ta ni kò mọ̀ pé olówó orí rẹ̀ ló ń pè é padà?" Wọ́n ní kí Ìyá lọ kúnlẹ̀ níbi sàréè yín, kó bẹ̀ yín. Àáfà gbọ́, wọ́n ní àwọn ò sí níbẹ̀ o, wọ́n ní òkú kì í di ọkọ̀ mú, ẹ̀sìn ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kéwú.

Mo wà nílé ìwé níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo dé, mo bá ìyá mi lórí eékún nínú iyanrìn. Ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, àwọn ìyàwó ilé dúró yí i ká, kò sí ẹni tó lè fà á dìde nínú wọn. Ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ foríjin òun. Bàbá, kí ló ṣe yín? Ẹ dá mi lóhùn. Kí ni obìnrin yẹn ṣe yín rí? Nígbà tí dókítà ní kí ẹ má jẹ iyọ̀ mọ́, ó ń se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún yín, òun náà sì ń jẹ ẹ́ kó má baà dùn yín pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ ẹ́. Ṣé torí ìyẹn ló ṣe yẹ kó kúnlẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré ní kí a lọ dán ọkọ̀ wò. Èmi àti òun nìkan la lọ, Ìyá jókòó sílé. Epo inú rẹ̀ kéré, a sì yà nílé epo kan lójú ọ̀nà kí a tó dé Odò Ọbà, wọ́n ṣí táǹkì, wọ́n bu epo díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ náà sáré wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sáré padà, kò wúkọ́ lásán. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí ìjókòó, ó ní, "Alhamdulillah, wọ́n ti dárí jì í." Ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ilé kí n tó pa ẹ́ńjìnì.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni Ìyá gbọ́ nínú ìròyìn náà. Ohun tó gbọ́ ni pé òun ò sí nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun ò lọ sí ọsibítù mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí a wọ bọ́ọ̀sì, mo ní tákàbà ti parí, kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ọkọ mi ò fẹ́ kí n lọ. Mo ti gbọ́, ó tó." Àáfà wá bá a sọ̀rọ̀, ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Àáfà," kò sì dìde. Oògùn inú ìgò tán. Oṣù ń gorí oṣù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ wá ife kó tó gbé e, ó ń da omi sílẹ̀, ó ní iná àtùpà ló rẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo ní n óò lọ bá dókítà náà fúnra mi, bóyá wọ́n á fún mi ní oògùn tí n óò máa kán sí i lójú nílé. Mo ra epo kún táǹkì, mo gbéra lémi nìkan. Kò pẹ́ tí mo rí àfárá Odò Ọbà lọ́ọ̀ọ́kán ni ọkọ̀ yín kọ̀.

Bàbá, irú ìbínú tó bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ta táyà nípàá, mo bú ọkọ̀, mo bú ẹ̀yin náà. Mo bú yín lójú títì, tí àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi lẹ́bàá ọ̀nà dúró tí wọ́n ń wò mí. Mo ní Ìyá kò sí nínú ọkọ̀ lónìí, ta lẹ wá ń dá dúró? Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Tèmi ni? Mo pariwo tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ìyá kò sí nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì kọ̀. Irọ́ gbáà ni gbogbo ohun tí Bàbá Kékeré ti ń sọ. Ohun kan ló ń ṣe ọkọ̀ yìí, ohun náà kò sì mọ ìyá mi rí.

Mo wá rò ó pé bóyá ilé epo ló rẹ́ mi jẹ, bóyá epo tí mo rò pé ó kún kò kún. Mo lọ ṣí táǹkì. Ìdérí náà le débi pé etí aṣọ mi ni mo fi dì í mú kí n tó lè yí i. Bó ṣe tú, mo gbọ́ fíììì. Atẹ́gùn ló ń wọlé, ó ń fà á sínú, ó pẹ́ kó tó dákẹ́, bí ẹni tó rì sómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Mo dúró, mo ń wo ihò táǹkì. Mo dé e padà, mo lọ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ tọ́rótù, ó dáhùn.

Ẹ rántí àgbá omi ẹ̀yìn ilé wa, èyí tó ní ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti dé e pa, omi á ṣàn díẹ̀, á dáwọ́ dúró. Ìyá á lọ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, omi á tún máa ṣàn. Ó máa ń sọ fún yín pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ẹ ó ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni ẹ̀fọn náà ń gbà. Ohun kan náà ló ń ṣe ọkọ̀. Epo kò lè jáde nínú táǹkì tí atẹ́gùn kò bá wọlé rọ́pò rẹ̀. Mo máa ń kún táǹkì ní Ọ̀yọ́, á sáré títí èémí á fi há a, Odò Ọbà sì ni ibẹ̀ máa ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ tí èmi àti Bàbá Kékeré lọ, wọ́n ti ṣí i fún wa nílé epo. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ dúró sójú kan, epo mélòó ló fẹ́ mu? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àràárọ̀ lẹ̀ ń ṣí i láti ki igi bọ̀ ọ́. Kò lè kọ̀ fún yín láé.

Mi ò kàn gbà á bẹ́ẹ̀ o. Mo tú ìdérí náà díẹ̀, mo fi àkísà dì í lọ́rùn, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ní àfi kí wọ́n rí Ìyá kí wọ́n tó fún mi ní oògùn, mo padà dé Ọ̀yọ́, ọkọ̀ kò kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dé e pa, mo tún gba ọ̀nà náà. Ó kọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣí i, ó ṣe fíììì, ó lọ. Ó ti tán. Mo ti mú un.

Ìgbà náà ni mo wá yí ìdérí náà sí ojú oòrùn, mo wo inú rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ dá sí i kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnìkan ti yọ́ àbẹ́là dí i. Ẹni náà sì ti tẹ́ rọ́bà róbótó sínú ìdérí, ó há a mọ́ ọn dáadáa. Mo fi èékánná yọ ọ́. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni. Etí rẹ̀ gé geere.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo mọ ìgbà tí ẹ ṣe é. Ìgbà tí epo wọ́n ni, tí ẹ máa ń tò nílé epo láti ìdájí, tí ẹ ń rojọ́ pé oòrùn ń fa epo yín jáde láti ibi ìdérí, pé eruku ń wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀. Ṣé ẹ wá rò pé ìyẹn ló máa pa iná inú mi? Ẹ rí ihò kan lára ohun tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ dí i, ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ihò náà wà fún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi gbogbo ayé léèrè nínú ilé wọn! Kí ló dé tí ẹ ò béèrè? Kí ló dé tí ẹ ò tilẹ̀ sọ fún èmi tí ẹ kọ́ ní ọkọ̀?

Mo mú rọ́bà náà lọ bá Bàbá Kékeré. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó yí i lọ́wọ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ìwọ náà ò rí i? Ẹ̀gbọ́n mi náà ni wọ́n di ọkọ̀ mú. Ọwọ́ wọn kọ́ nìyẹn?" Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀bẹ̀ tí Ìyá bẹ̀ nínú iyanrìn ńkọ́? Ó ní kò sí ohun tó burú nínú kí ìyàwó bẹ ọkọ rẹ̀. Mo ní ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kádàrá ni, kí n má bá Ọlọ́run jà. Bàbá, Ọlọ́run kọ́ ni mò ń bá jà.

Ìyá gbà láti lọ lẹ́yìn tí mo gbé rọ́bà náà lé e lọ́wọ́. Kò lè rí i dáadáa mọ́, ìka ló fi ń tọ etí rẹ̀ yípo, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun mú aṣọ òde wá. Ọkọ̀ yín gbé wa lọ láìkọsẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Ó ní ti òsì ṣì wà, tí a bá ń wá déédéé, kò ní lọ. Ó bi wá pé ibo la ti wà látọjọ́ yìí. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé bàbá mi ni kò jẹ́ kí a wá?

Ṣé ẹ wá mọ ohun tó ń bí mi nínú jù? Kì í ṣe rọ́bà. Ó pẹ́ kí èmi gan-an tó mọ̀ pé kì í ṣe rọ́bà. Ohun tó ń bí mi ni pé gbogbo ẹbí gbà lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹ lè máa bínú sí Ìyá láti inú sàréè. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó sọ pé, "Rárá o, Wolé-wolé fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀." Ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀? Nígbà tí Bàbá Kékeré ń pè é ní àjèjì torí pé Ìsẹ́yìn lẹ ti fẹ́ ẹ wá, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín. Nígbà tó ń sọ lójú àlejò pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò dé ibi tí ti ìyá yín dé, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó wá bá a nínú yàrá, ẹ ó máa rọ̀ ọ́ pé kó má dá a lóhùn, àbúrò yín ò ní làákàyè. Mò ń gbọ́ yín láti yàrá tèmi. Nínú yàrá, ẹ jẹ́ ọkọ Ìyá. Tí ẹ bá ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kékeré nìkan lẹ jẹ́. Ìyá náà kò gbọ́ kí ẹ gbèjà òun lójú ẹbí rí, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti gbà pé ẹ lè dá òun lẹ́bi. Tí ẹ bá ti gbèjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tí gbogbo wọn gbọ́, ṣé á kúnlẹ̀ nínú iyanrìn bẹ́ẹ̀? Ṣé á ní ọkọ òun ò fẹ́ kí òun lọ?

Mo ní kí Bàbá Kékeré wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkọ lòun náà jẹ́ sí i, ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ síwájú Ìyá, mo kúnlẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo kúnlẹ̀ o, bàbá mi ni. Mo ní, "Bàbá ní kí ẹ má bínú nítorí rọ́bà tí àwọn fi dí táǹkì. Wọ́n ní kí ẹ má bínú nítorí gbogbo ẹ̀rín tí àwọn rín nígbà tó yẹ kí àwọn sọ̀rọ̀." Bàbá Kékeré dìde, ó jáde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ò rán mi, mo mọ̀. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá bá mi wí.

Ìyá na ọwọ́ wá orí mi títí ó fi kàn án. Ó ní, "Dìde. Sọ fún bàbá rẹ pé ti rọ́bà, mo ti dárí jì wọ́n. Wọn ò mọ̀." Ó wá ní, "Ti ẹ̀rín, sọ fún wọn pé mo gbọ́. N óò dá wọn lóhùn tí inú mi bá rọ̀."

Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rán mi, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ má lọ bá a lójú àlá o, ẹ má lọ rọ̀ ọ́. Ẹ dúró dè é.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ tán.